Omi Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbàdúrà Sí

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ omi yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fà mí sẹ́yìn ni pé n kò fọkàn tán ìrántí mi. Ọkọ mi ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni a gbé lọ. Ní tèmi, mẹ́fà ni mo ń rí lójú inú, funfun, onídèérí pupa, tí a tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọmọ ilé-ìwé tí ń retí agogo. Ó ṣeé ṣe kí n ti da ìrìn-àjò mìíràn pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, nítorí a tún lọ lẹ́yìn rẹ̀. Láti yunifásítì ni mo ti máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo yẹ ohun tí mo kọ ní òpin ọ̀sẹ̀ náà wò, ooru nìkan ni mo ráhùn nípa rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni n kò ṣiyèméjì lé lórí, ìyẹn ìdí tí a fi lọ.

Ìyá ọkọ mi ni ìdí náà. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti Nàìjíríà wá bá wa ní Houston, láti bá mi tọ́jú àkọ́bí wa. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan, ìsinmi ìbímọ mi sì ti ń lọ sópin. Bí Màmá bá dúró, ọwọ́ ìyá bàbá rẹ̀ ni ọmọ yóò wà nígbà tí mo bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá lọ, daycare ni, ilé tí wọ́n ti ń gbowó tọ́jú ọmọ. Mo ti lọ wo ọ̀kan nítòsí Southwest Freeway. Ibẹ̀ mọ́, n kò rí ohun tí mo lè tọ́ka sí pé ó burú, ṣùgbọ́n ṣe ni àwọn ọmọ ọwọ́ náà dùbúlẹ̀ lọ bẹẹrẹ, tí kò sí ẹni tí ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo sunkún nínú ọkọ̀ kí n tó lè wà á padà sílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọkọ mi pé, “Bá mi wo tíkẹ́ẹ̀tì mi. Ilé ti yá.”

N kò lè dá wọn lẹ́bi. Sharpstown ni à ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú apartment tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí àfi bí a bá ń jáde tàbí tí a bá ń wọlé. Aládùúrà ni Màmá. Nílé, wọn a máa lu agogo ọwọ́ wọn ní ìdájí, wọn a sì gbàdúrà sókè títí àwọn ará ilé kejì yóò fi ṣe àmín. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, wọ́n lu agogo náà. Aládùúgbò ìsàlẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀, gbàgbà, gbàgbà, lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi aṣọ di agogo, tí wọ́n sì ń gbàdúrà sínú. Ní ọjọ́ kan mo bi wọ́n bóyá inú ń run wọ́n ni, nítorí wọ́n fọwọ́ lé ikùn. Wọ́n ní, “Àdúrà ni. Ó ti pọ̀ jù níbẹ̀, kò rọ́nà jáde.” Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ó ń rọ́nà, ní gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń háyà ní Stafford. Láti ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń gba omi àdúrà sínú ìgò bọ̀ wálé.

Ọkọ mi ló ronú kan ilé àfọkọ̀fà. Ọ̀gbẹ́ni òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ẹnjinníà ní ọ̀kan, ó sì fi yá wa. Tírélà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ń kó sìmẹ́ńtì lọ sókè Ọya. Ilé kékeré lórí táyà ni, tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀: ó ní ibùsùn, ó ní sítóòfù, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. A óò gbé e lọ sí pápá gbalasa kan, níbi tí Màmá yóò ti rí ojú ọ̀run. Ọ̀gbẹ́ni náà kìlọ̀ fún wa pé kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ omi ní pápá náà, àti pé táńkì inú ilé yẹn kéré, pàápàá fún ẹni tí ó ní ọmọ ọwọ́. Ó ní kí a gbé omi dání ju bí a ti rò pé a nílò lọ.

Bí mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún Màmá ni ojú wọn là. Ó jọ pé èyí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ará Amẹ́ríkà sọ tí ó yé wọn pátápátá. “Ẹ̀yin ti gbàgbé,” ni wọ́n wí. “Ẹ ti di ará ibi tí omi ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Nílé, ta ló ń sùn tí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣófo?” Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ọṣẹ fọ kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn, tí wọ́n ṣan wọ́n, tí wọ́n gbóòórùn ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì tún ṣan wọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, mo dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ọmọ lápá. Mo rí wọn nísàlẹ̀ níbi tí a gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n gbé ìgò omi àdúrà ti Stafford lọ́wọ́, wọ́n ń ta díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì. Lẹ́yìn náà wọ́n rìn yí ilé àfọkọ̀fà náà ká títí wọ́n fi rí ihò tí a ń gbà rọ omi sínú táńkì, wọ́n sì da ìyókù síbẹ̀. Mo rò pé ohun tí ó dára ni. Bí mo bá ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò rántí.

Àwọn tí kò dàgbà nínú ìjọ Aládùúrà lè má mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ènìyàn lè mu omi àdúrà, ó lè fi wẹ̀, ó lè wọ́n ọn sí igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí a kì í ṣe ni kí a dà á síbi ìdọ̀tí. Díẹ̀ tí ó bá sì bọ́ sínú omi lásán ti sọ gbogbo rẹ̀ di omi àdúrà.

Ìwọ̀-oòrùn ni a kọrí sí, ọkọ mi ń rọra wakọ̀ bí ẹni tí ó gbé ẹyin sórí. Nígbà tí a dé, koríko gbígbẹ ni, igi kúkúrú, ọ̀run tí kò lópin. Màmá bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì sí ojú ọ̀run. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà náà. A jókòó sábẹ́ igi kan, ọkọ mi wọ inú ilé lọ, ẹ̀rọ kékeré tí ń fa omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

“Kí ló ń kùn bí oyin nínú ilé yẹn?” ni Màmá bi mí.

“Ẹ̀rọ tí ń fa omi ni, mà.”

“Ó ń fà á lọ síbo?”

“Sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mà.”

Wọ́n dìde dúró. Ọkọ mi ń jáde bọ̀, ó ń di bẹ́líìtì rẹ̀. Wọ́n ní, “Kí lo fi ṣan nǹkan tí o yà yẹn?”

“Omi ni, Màámi.”

“Omi àdúrà.”

Ọkọ mi wo ilé náà, ó wo ìyá rẹ̀. “Èwo ni omi àdúrà níbẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀ ni. Ti táńkì, ti kẹ́ẹ̀gì. Kí o má dà á síbẹ̀ mọ́.”

“Màámi, ṣé kí n mú un mọ́ra títí di ọjọ́ Ìsinmi ni?”

“Ṣé kò sí igbó ni?”

“Ejò wà nínú igbó ibí.”

“Ejò wà nílé náà, bẹ́ẹ̀ lo ṣe dàgbà.”

À bá rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe pé ọmọ yàgbẹ́ sára lákòókò yẹn gan-an. Ó ti ń yàgbẹ́ léraléra láti àárọ̀, ìlédìí ti pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, aṣọ ni gbogbo wọn, ó sì yẹ kí n fọ̀ wọ́n. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan. Màmá kò sọ pé kí n gbé e sílẹ̀. Ṣe ni wọ́n kàn wo ọwọ́ mi, mo sì gbé e sílẹ̀. Omi yí wa ká, a kò sì lè kán ẹ̀kán kan sórí ìlédìí ọmọ.

Ọkọ mi ní kò burú, òun yóò tú ọkọ̀ kúrò lára ilé náà, òun yóò sì lọ wá omi mìíràn ní ìlú tí a kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí ló bà á jẹ́. Màmá jókòó padà, ojú wọn yí sí irú èyí tí ó máa ń jẹ́ nínú apartment. Wọ́n ní, “Ẹ wò ó bí mo ṣe ń ni yín lára. Adùn tí ẹ wá jẹ, èmi ni mo fi omi bà á jẹ́. Bí a bá ti délé, ẹ jẹ́ kí n máa lọ síbi tí mo ti wá.” Wọn kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìyẹn ló já mi láyà, nítorí ẹni tí ń bínú ṣì lè yí ọkàn padà. Mo rí ilé daycare yẹn, mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n tẹ́ lọ bẹẹrẹ.

Ọkọ mi ti ń yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Mo kúnlẹ̀ lórí koríko pẹ̀lú ọmọ tí ń rùn lápá.

“Ẹ má bínú, mà. Kí lẹ sọ sí omi náà nígbà tí ẹ ń gbàdúrà?”

Wọ́n wò mí bóyá mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. “Kí ni mo sọ? Mo ní ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn, kí ó mọ́. Kí ara rẹ̀ le. Kí ó lọ ire, kí ó bọ̀ ire.”

“Ẹ ní ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn kí ó mọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Màmá, nínú àwa tí a wà níbí, ta ló dọ̀tí jù?”

Wọ́n wo ọmọ náà. Ọmọ náà wo wọ́n. Ìgbẹ́ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti ń gun ọrùn bọ̀. Mo rí i tí ẹ̀rín ń jà ní igun ẹnu wọn, tí wọ́n ń lé e padà, tí kò gbọ́. Nígbà tí ó jáde, ó pọ̀ débi pé wọ́n di igi mú. “Ọkọ mi ni,” ni wọ́n wí, bí wọ́n ti máa ń pe ọmọ náà. “Háà, ọkọ mi ni. Ìwọ ìyàwó yìí, lọ́yà ló yẹ kí o kọ́, o lọ ń ka ẹ̀jẹ̀ kiri. Gbé e wá.”

Ọkọ mi ń sọ títí di òní pé òun ni òun bèèrè ìbéèrè náà. Mo ti gbìyànjú láti gbọ́ ọ lóhùn tirẹ̀, n kò gbọ́ ọ. Síbẹ̀, n kò lè búra. Bóyá òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí èmi parí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé koríko gbígbẹ náà ń gún mi léékún, àti pé ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò.

Màmá wẹ ọmọ nínú ọpọ́n, wọ́n sì gbàdúrà sí i lórí bí omi ti ń ṣàn. Omi tí ó kù nínú ọpọ́n ni a fi kọ́kọ́ ṣan ìlédìí, kí a tó fi omi inú kẹ́ẹ̀gì fọ̀ wọ́n. Nígbà náà ni ọkọ mi bi wọ́n pé ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́. Wọ́n ní omi tí ó ti wẹ ènìyàn ti parí iṣẹ́ tí a rán an, ibi tí ó bá wù ú ni kí ó gbà lọ. Láti ìgbà náà, omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ni à ń fi ike kékeré dà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀rọ kò sì kùn níbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé a ń ṣọ́ omi ná. Àdúrà ni à ń bọ̀wọ̀ fún. Àmọ́ omi náà kò tán.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, agogo ló jí mi. N kò mọ̀ pé wọ́n gbé e dání. Wọ́n dúró nínú koríko láìwọ bàtà, ohùn wọn ń lọ sí ibi gbogbo, kò sí ẹni tí ó fi ìgbálẹ̀ gbá nǹkankan. Ọkọ mi ṣe àmín láti orí ibùsùn láìlajú. Èmi náà ṣe é.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ó ku kẹ́ẹ̀gì kan tí a kò tíì ṣí. Ọkọ mi fẹ́ dà á sílẹ̀ kí ẹrù lè fúyẹ́. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ sí ìdí igi tí a jókòó sí, wọ́n sì dé e padà.

“Àwọn kẹ́ẹ̀gì yìí, ẹ má dá wọn nù,” ni wọ́n wí. “Bí ọkọ mi bá ti ń rìn, a ó tún wá. Ẹni tí ń sáré kiri yóò nílò omi jù báyìí lọ.”

Ọmọ náà kò tíì lè jókòó nígbà náà. Mo ṣírò iye oṣù tí wọn yóò tún fi wà lọ́dọ̀ wa lọ́kàn, oṣù lórí oṣù, mo sì yí ojú sí fèrèsé ọkọ̀ kí wọ́n má baà rí ojú mi. Bóyá “bí ó bá ti ń rìn” ni wọ́n wí, bóyá “bí ó bá ti ń sáré,” n kò lè sọ. Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́, mo sì wakọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ láìsunkún. Ìyẹn dá mi lójú.