Àpáàdì Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ràmọ́tà

Lánàá, àwo kan bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, ó fọ́ yángá-yángá. "Sorry, Mammy," ló ń wí, ó ti ń wá ìgbálẹ̀. Èmi jókòó. Ìró yẹn ti gbé mi padà sí Corduff, àdúgbò tí mo ti ṣe ọmọdé, sí àwọn ọdún tí iṣẹ́ pọ̀ ní Dublin, tí wọ́n ń kọ́lé káàkiri bí ẹni pé ilẹ̀ kò lè tán.

Ràmọ́tà ọ̀rẹ́ mi àti ìyá rẹ̀ ń gbé nítòsí wa, wọ́n ń dúró de ìwé ìgbélùú. Ọmọ Ifẹ̀ ni ìyá náà. Ó máa ń sọ fún wa pé láyé àtijọ́, àpáàdì ni wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá níbẹ̀: wọ́n á tò ó lóòró, ní ìlà-ìlà, wọ́n á jẹ́ kí ilẹ̀ rọra dagẹ̀rẹ̀, kí òjò má baà wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, kí omi sì ṣàn sínú ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ọba obìnrin kan ló pa á láṣẹ.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, Ìyá Ràmọ́tà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Èmi àti Ràmọ́tà ń ṣa àwo fífọ́ kiri. Màmá òyìnbó kan tó ti dàgbà ń na àwọn ife rẹ̀ tó ti sán sí wa lórí ọgbà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí: "Ìyá Ràmọ́tà, ẹ tún wá ń gbe omi òjò pamọ́ ní Dublin?"

Kò gbójú sókè. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín, sà. Ẹni tó fẹ́ lọ kì í tẹ́ àgbàlá."

"Is it grand, Ma?" ni Ràmọ́tà máa ń bi í, pé ṣé ó ti dáa. Ìyá á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, á ní ká tún un tò. Nígbà tí òjò rọ̀, omi ṣe bí ẹni tó ṣìnà díẹ̀, ó sì wọ inú ìkòkò. Omi náà ni ìyá fi ṣe àlùwàlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ rí.

Kí òtútù tó mú dáadáa, àwọn ọlọ́pàá wá kó Ràmọ́tà àti ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan, wọ́n ní wọn kò rí ìwé ìgbélùú gbà, wọ́n dá wọn padà sí ìlú wọn. Ìyá mi ló sọ fún mi. Mo sáré lọ yọjú lórí ọgbà. Òjò ń rọ̀. Ìkòkò ti kún, omi ń dà sílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bù ú. Aṣọ ilé-ìwé Ràmọ́tà ṣì wà lórí okùn.

Àwọn tó kó wọlé lẹ́yìn wọn da kọnkéré bo ibẹ̀. Ràmọ́tà pè mí lẹ́ẹ̀kan láti Ifẹ̀. Nọ́ńbà náà kò wọlé mọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, òjò yìí kò yí padà, àwọn tó ń rọ̀ lé lórí ló ń yí padà. Wọ́n ní bí wọ́n bá walẹ̀ ní Ifẹ̀ títí dòní, wọ́n ṣì ń kan àpáàdì náà, ní ìlà-ìlà bí wọ́n ṣe tò ó, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn tó tò ó. Èmi mọ orúkọ àwọn tó to ti Corduff.