Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ ní Gbọ̀ngàn

Láti kékeré ni ìyá mi ti ń pè mí ní olófìn-íntótó. Bí wọ́n bá ní kí n lọ ra iyọ̀, màá kọ́kọ́ béèrè ohun tó mú kí iyọ̀ tàná tán. Ìwà yìí ni mo gbé dé Ìkìrun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n gbé mi wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ó sì dá mi lójú pé òun ló sọ mí di akọ̀wé ìgbìmọ̀ àlàáfíà.

Ìjà àwọn ọ̀dọ́ ti pọ̀ jù nígbà náà. Awakọ̀ á bá awakọ̀ jà ní páàkì, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì á bá ọmọ iṣẹ́ káfíńtà jà nídìí bọ́ọ̀lù, ìgò á fọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ọlọ́pàá nìkan. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága, áfà kan wà níbẹ̀, ìyá ìjọ kan láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wà níbẹ̀, wọ́n sì fi èmi kún un nítorí pé mo máa ń wádìí ọ̀rọ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan la máa ń lò ní ọ̀sán Sátidé. Ẹni méjì tó bá jà, ìbáà ṣe ní Ìkìrun, ní Ìnísà tàbí ní Òkukù, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń mú wọn wá.

Bí a ṣe ń parí ìjà kò le rárá. Alága á béèrè ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, àbúrò á dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n á ní kó dìde. Áfà á ṣe àdúà, ìyá ìjọ náà á gba tiwọn, èyí tó máa ń gùn ju ẹjọ́ náà lọ, àwọn oníjà á sì jọ mu míníra kan nínú ìgò kan náà. Alága á wá yíjú sí mi, wọ́n á ní, "Akọ̀wé, a ti parí ẹ̀." Mi ò ní purọ́, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ la máa ń lọ sílé.

Kò pẹ́ tí àwọn ará Ìbà fi ránṣẹ́ pé àwọn náà fẹ́ dá irú ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá tiwa ń ṣiṣẹ́. Alága ní kí n kọ ọ́ fún wọn pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ ọ́ gan-an ni ìyá onílé mi pè mí.

Opó ni ìyá onílé mi. Wọ́n ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n sì bí. Ọmọ náà ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìkìrun gba Ìnísà lọ sí Òkukù. Òun àti awakọ̀ kan tó jù ú lọ ti jà ní páàkì, torí pé èyí àgbà gba tọ́ọ̀nù, ìyẹn àyè rẹ̀ lórí ìlà, mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kó èrò tó yẹ kó bọ́ sí ọkọ̀ ọmọ náà. A ti parí ẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Ojú mi ló ṣe dọ̀bálẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, sípánà ńlá kan wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ọmọ mi," ni ìyá onílé wí nígbà tí mo wọlé tán. "Ó ní bí ọkùnrin yẹn bá tún dán irú ẹ̀ wò, òun á fọ́ ọ lórí. Ọmọ kan ṣoṣo yìí ni mo ní. Bó bá pa èèyàn, mo ti pàdánù ẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, mo ti pàdánù ẹ̀ náà nìyẹn."

Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe padà sí yàrá mi, ìbéèrè ni kò jẹ́ kí n jókòó. Kí gan-an la wá parí ní gbọ̀ngàn? Ṣé ọmọ yìí nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ ni, àbí gbogbo wọn? Mo pa lẹ́tà Ìbà tì. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, mo wọ ọkọ̀, mo ní mò ń lọ wo àwọn tó ti dọ̀bálẹ̀ lójú wa.

Ní Ìnísà, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan lẹ́nu iṣẹ́. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún mi. Ó ní bí òun bá ti ń rí ẹni tí àwọn jọ jà lókèèrè, ẹ̀yìn ilé lòun ń gbà, kí ọwọ́ òun má baà kó òun sí wàhálà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́jọ́ yẹn.

"Àǹtí, ọjọ́ orí mi lẹ béèrè," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tí ẹni yẹn ṣe sí mi."

Ní Òkukù, télọ̀ kan ní tirẹ̀ ti kó ṣọ́ọ̀bù kúrò ní Ìkìrun pátápátá nítorí ẹni tó bá a jà. Ìjà yẹn wà lára àwọn tí alága fi máa ń yangàn, pé láti ìgbà tí a ti parí ẹ̀, wọn ò jà mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jà, nígbà tí ọ̀kan wà ní Ìkìrun, tí èkejì wà ní Òkukù? Mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ bí mo ṣe ń padà bọ̀, inú sì ń bí mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo rò ó fún ìgbìmọ̀. Ojú alága yí padà. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò ni. Mo ní rárá, orí mi ò dàrú tó bẹ́ẹ̀. Áfà ní bóyá kí á fi kún àdúà. A ń bá a lọ báyìí títí ìyá ìjọ, tí wọn ò tíì sọ nǹkan kan, fi bi mí bóyá ọmọ onísípánà náà ní ìyá láyé.

Mo ní ìyá rẹ̀ wà.

"Ṣé awakọ̀ àgbà yẹn ju ìyá ẹ̀ lọ ni?"

Áfà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, alága náà sì ní bó bá jẹ́ ìyá ọmọ náà ni ẹ̀gbọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún, òun gbà.

A tún ránṣẹ́ pe awakọ̀ àgbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, a ò béèrè ọjọ́ orí, ohun tó ṣẹlẹ̀ la béèrè. Ó kọ́kọ́ ṣẹ́, ó wá gbà pé òun gba tọ́ọ̀nù náà lóòótọ́, òun rò pé àbúrò á fi í sílẹ̀ fún òun ni. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, a mú un lọ sílé ìyá onílé mi. Ọmọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà. Nígbà tó rí i tí ọkùnrin tó jù ú lọ na gbalaja síwájú ìyá rẹ̀, nínú aṣọ funfun tó wọ̀ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, apá rẹ̀ tú sílẹ̀.

"Mo rẹ́ ọmọ yín jẹ, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ìyá onílé ò ní kó dìde. Ọmọ wọn ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà sọ pé, "Màámi, ẹ ní kí wọ́n dìde. Aṣọ wọn ti ń dọ̀tí."

Ẹkún gbọ̀n mí, mo wojú ògiri.

Ṣé ó wá tán nínú rẹ̀ lóòótọ́? Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò lè fi ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí Òkukù, mo sì rí i dájú pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Bí a ṣe kọjá Ìnísà, mo díbọ́n bíi pé bàtà mi bọ́, mo na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Àkísà nìkan ni mo kàn.

"Àǹtí, ẹ má wá a mọ́," ó ní, ojú rẹ̀ wà lójú títì. "Màámi ti gba sípánà yẹn. Òun ni wọ́n fi ń ṣí dúrọ́ọ̀mù kẹrosíìnì."