Ìrìn Àárọ̀ l'Ẹ́fọ̀n, Nítorí Inú Tó Ń Run Àǹtí Mi

Abẹ́rẹ́ ni mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Yétúndé, ń wá. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ l'Ẹ́fọ̀n, mo bá a lábẹ́ tábìlì, ó ká kò, ó di ìsàlẹ̀ ikùn mú. Èmi ọlọ́gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tí yunifásítì kankan ò tíì fẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń bá a wá abẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo rí omi lójú ẹ̀ ni orí mi tó pé.

Nǹkan oṣù ẹ̀ ló dé. Oṣooṣù ló ń rí bẹ́ẹ̀, ó kàn ń fi pa mọ́ ni. Ọ̀gá ẹ̀ sì ti sọ pé tó bá tún ń pa iṣẹ́ jẹ, kó má ronú fìrídọ̀ọ̀mù lọ́dún yìí. Ìyẹn ń pa á lẹ́kún ju inú tó ń run ún lọ.

Màmá wa po àgbo. Ìyá àgbà ní, "Ulé ọkọ á wò ó." Nọ́ọ̀sì kan ní gbogbo obìnrin ló ń rí i. Inú bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo máa bú, mo bá bú ara mi.

Ó pẹ́ ká tó rí dókítà àwọn obìnrin l'Ádó. Àga tá a jókòó sí dè é le débi pé èmi tí ara mi dá gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gba káàdì. Dókítà yẹn ló pe orúkọ ẹ̀: ẹndomẹtríósíìsì. Ẹran tó jọ èyí tó bo inú ilé ọmọ ló ń hù síta ilé ọmọ. Tí nǹkan oṣù bá dé, òun náà á wú, á ṣẹ̀jẹ̀, àmọ́ kò ní ọ̀nà tó máa gbà jáde.

Ó fún un ní oògùn ìrora, ó ní kó máa rìn dáadáa láràárọ̀, kó máa na ara. Ó fi fítámì C àti fítámì E kún un, àwọn èròjà tó ń bá ara dènà ohun tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́.

Mo ní, "Dókítà, ṣé á wò ó sàn?"

"Rárá o. Ó lè bá a dín ìrora kù, wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀. Kó má fi rọ́pò oògùn, kó má sì lò ju iye tí mo kọ lọ."

Ó ku ìrìn. Òkè Ẹ̀fọ̀n ò yọ wá lẹ́nu tó àwọn àgbà tó ń jókòó síwájú ilé. Gbogbo wọn ni Àǹtí mi ń kúnlẹ̀ kí.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"A kàn ń rìn ni, Bàbá."

"Ẹ kàn ń rìn? Ẹ ò ru nǹkan kan? Ta ló kú?"

Ká tó ṣàlàyé tán, ọlọ́kadà kan ará Ìwó á dúró. "Ẹ gùn ún, àǹtí, ara yín ò yá, mi ò gbowó." Tá a bá kọ̀, á bínú. Bí a ṣe ń padà sílé láìrìn nìyẹn.

Ìbínú ni mo fi gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lé Àǹtí mi lórí lọ́jọ́ kan, mo gbé èyí tó tóbi. Kò sẹ́ni tó dá wa dúró. Ẹni tó ru ẹrù kì í kúnlẹ̀, á kàn tẹ orúnkún díẹ̀, á kọjá. Àfi Màmá tó ní níwọ̀n ìgbà tá a ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, kí n máa pọn omi bọ̀. Èmi tó gbọ́n nìyẹn.

Oṣù kan ò dáa, mo ní ká jáwọ́. Òun ló ní ká tún lọ. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọ̀sẹ̀ nǹkan oṣù. Bóyá oògùn ni, bóyá ìrìn, bóyá fítámì, mi ò mọ̀. Ó ṣe fìrídọ̀ọ̀mù ẹ̀.

Àìsàn náà ò lọ. Tí nǹkan oṣù bá ń dá ọmọ yín dùbúlẹ̀ lóṣooṣù, ẹ má ní kó fara dà á, ẹ wá dókítà. Ara Àǹtí mi ò parọ́ rí, etí wa ló di. Mo dúpẹ́ pé ara yẹn ò dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí. "Jídé, ó ti dé o."

"Ṣé kí n wá?"

"Gbé omi gbígbóná wá, kó o jókòó tì mí. Má sọ̀rọ̀."

Mo jókòó. Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé mo gbìyànjú.