Ebè Èènì

Lẹ́yìn òjò òru, bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, koríko Magboro máa ń rú èéfín. Kì í ṣe èéfín iná. Ooru ilẹ̀ ni, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn ilé tuntun tí wọn kò tíì kùn lọ́dà, ó ń bo ìsàlẹ̀ ògiri wọn, débi pé ilé á dà bí ohun tí wọ́n so kọ́ sójú ọ̀run. Bí mo bá ti fa okùn ẹ̀rọ ìgékoríko mi, tí ó bú, lékelèké á bẹ̀rẹ̀ sí í bà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn màlúù ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní àdúgbò wa, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Mo máa ń rò ó pé lójú tiwọn, màlúù ni mí, irú èyí tó ń jẹ koríko látàárọ̀ tí kò yó.

Màlúù náà ni àwọn oníbàárà mi kà mí sí, bí wọn ò tilẹ̀ fẹnu sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Mo kàwé nípa ewéko ní yunifásítì. Mo mọ koríko tó ń fi gbòǹgbò rìn lábẹ́ ilẹ̀, mo mọ èyí tó ń fi ọrùn rìn lókè. Nígbà tí mo wá iṣẹ́ ìjọba títí tí n kò rí i, mo ra ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko fún àwọn tó kọ́lé láti Ibafo títí dé Mowe. Ẹnì kejì mi nínú iṣẹ́ náà ni ọkùnrin kan tó ti wa tírélà rí, kí ẹ̀yìn tó ń dùn ún tó lé e kúrò lójú títì. Ó jù mí lọ, nítorí náà bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é. Òun ń pè mí ní ọ̀gá, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ nínú ẹ̀.

Ìyá mi fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi ní Ifọ kó tó kú. Ẹ̀fọ́ lòun ń gbìn síbẹ̀. Èmi gbin koríko, irú èyí tí a ń gé ní igun mẹ́rin mẹ́rin pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, tí a sì ń tẹ́ síwájú ilé bí ẹní. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní ta ló gbọ́ ọ rí, kí èèyàn ro koríko kúrò lóko kó tún wá gbin koríko sí i. Ẹnì kan ti wá bá a pé òun fẹ́ ra ilẹ̀ náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

“Mo fún ẹ di ìparí òjò,” ló wí lójú gbogbo ẹbí. “Bí iṣẹ́ koríko yìí ò bá lè dá dúró lẹ́sẹ̀ ara ẹ̀, a ó tà á.”

Nítorí náà, gbogbo pápá tí mo bá gé lọ́dún yẹn, ilẹ̀ Ifọ ni mò ń gé e fún. Kí ẹ tó gbọ́ ohun tí wọ́n fojú mi rí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ibafo ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló pè wá. Iwájú ilé rẹ̀ kò ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí lọ. Mo sọ iye mi, ó dín in, mo gbà, nítorí pé ó pè mí ní ọmọ rẹ̀. A gé e, a gbá a, ó mọ́ lóló. Bọ̀ọ̀dá ti ń nu abẹ ẹ̀rọ nígbà tí ìyá náà jáde tòun ti omi tútù lórí àwo.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Èènì mi ńkọ́?”

“Èènì kẹ̀, mà?”

“Ṣé o ra gaàrí rí kí wọ́n má fún ẹ léènì? Ẹ kàn bá mi fọwọ́ kan gọ́tà yẹn.”

Mo fẹ́ kí ẹ wo “fọwọ́ kan” yẹn dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni ìrẹ́jẹ náà fara pamọ́ sí. Gọ́tà náà gùn dé ojúlé kẹta. Ọ̀rá, ike, yanrìn, àti ewéko tó ti ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Koríko gbà wá ní òwúrọ̀. Èènì gba ọ̀sán lọ́wọ́ wa, ó sì gba ìrọ̀lẹ́ mọ́ ọn. Àwọn aládùúgbò tó ń kọjá ń kí ìyá náà pé, “Ẹ kú ìnáwó, mà! Ẹ mà ṣe é!” Ó ń dáhùn pé, “Ẹ ṣé, ti gbogbo wa ni.” Kò sí ẹni tó kí wa.

“Ọ̀gá,” ni bọ̀ọ̀dá wí látinú gọ́tà, ẹrẹ̀ dé e ní orúnkún, “iṣẹ́ ìjọba tí ẹ̀ ń wá, ẹ ti rí i o.”

N kò rẹ́rìn-ín. Epo tó kù nínú ẹ̀rọ ni mò ń wò.

Magboro ló tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan fi fọ́tò ilẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yà á: koríko ti gbẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ilẹ̀ tẹ́jú bí ojú tábìlì. Pulọ́ọ̀tì kan ni. Mo díye lé e bí pulọ́ọ̀tì kan, nítorí pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ lágbègbè wa nìyẹn. A kì í béèrè ohun tó wà lórí ilẹ̀ tàbí ohun tó wà nínú rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì mélòó ni, ó tán. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, òjò ti rọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Koríko tó wà nínú fọ́tò ti dìde dúró, ó ti ga kọjá ìgbáròkó bọ̀ọ̀dá, ó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí omi tí ẹnì kan ń pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè. Ó lẹ́wà. Mo dúró wò ó, inú mi sì bàjẹ́.

Mo sọ fún ọkùnrin náà pé iye tí a jọ sọ kò lè ká èyí.

“Kí ló dé?” ó bi mí. “Ṣé pulọ́ọ̀tì ti di méjì ni?”

Pulọ́ọ̀tì kò di méjì. A gé e. Nígbà tí a parí, ó ní ká kàn bá òun gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ká fi ṣe èènì. Ẹ̀yìn ilé náà ni àwọn bíríkìlà tó kọ́lé fún un ri gbogbo àjẹkù irin àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù mọ́. Ọkùnrin náà mọ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe rì í. Kò sọ fún wa. Abẹ ẹ̀rọ kan irin lábẹ́ koríko, ó ké bí ewúrẹ́, ó kán.

“Háà, pẹ̀lẹ́ o,” ló wí. “Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.”

Ọlọ́run kì í ta abẹ. Ẹni tó ń tà á wà ní Ibafo, kò sì gbọ́ àdúrà tí ọkùnrin náà ṣe. Nítorí náà, ọkùnrin yẹn jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mẹta: ó fi ẹ̀ẹ̀rùn pa òjò mọ́ fún mi, ó fi irin pa mọ́ fún mi, ó tún wá fi orúkọ Ọlọ́run san án. Owó tí mo gbà níbẹ̀ lọ sórí abẹ tuntun pátá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Iṣẹ́ ń wọlé, lékelèké ń tẹ̀ lé wa láti fẹ́ǹsì dé fẹ́ǹsì, ẹnu ń sọ pé a ń ṣe dáadáa, ilẹ̀ Ifọ sì ń sún mọ́ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ sí Ifọ lọ wo koríko mi. Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Ó rẹ̀ mí débi pé mo dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, mo kọjú sókè. Ojú ọ̀run funfun bí inú ìkòkò ògì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ ọ́n lára: abẹ́ ẹ̀yìn mi kò tẹ́jú. Ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀, ó tún ń ga, bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá rọra ń gbé èèyàn. Àwọn ebè ìyá mi ni. Láti ìgbà tó ti kú, òjò kò tíì wó wọn tán, koríko kàn bò wọ́n bí aṣọ tí a fi bo ẹni tó ń sùn. Mo ń yí láti orí ọ̀kan sí èkejì títí mo fi kan èyí tó wà létí ọ̀nà. Ó tín-ín-rín ju àwọn yòókù lọ. Ojú mi là.

Èmi ni mo máa ń tu koríko ìdí rẹ̀ ní kékeré. Mo bi ìyá mi nígbà kan pé, “Mọ̀ọ́mi, ẹ̀fọ́ ti èyí dára, kí ló dé tí ẹ kì í tà á?”

“Ti èènì ni,” ó dáhùn.

Bí àwọn tó ń ra ẹ̀fọ́ bá dé, tí wọ́n yọwó, tí wọ́n wá na ọwọ́ sí i fún èènì, ebè tín-ín-rín yẹn ló ń lọ. Kì í já ẹyọ ewé kan nínú àwọn tó kù. Ó ti ka omi rẹ̀ àti irúgbìn rẹ̀ mọ́ iye tó ń ta àwọn yòókù. Àwọn èèyàn máa ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ là. Ọwọ́ rẹ̀ là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó ń kọ ebè ló ti ṣe oore náà, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n dúró lé e lórí.

Èmi kò kọ ebè kankan. Ara bọ̀ọ̀dá àti ara tèmi ni mò ń já fún àwọn oníbàárà. Ìyẹn ò ní kí ìyá olùkọ́ Ibafo máà jẹ̀bi o. Ó jẹ̀bi.

Òjò ti ń fà sẹ́yìn nígbà tí Alhaji kan ní Mowe ránṣẹ́ pè wá. Ó dá ilé ìwé kékeré kan sílẹ̀, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú pápá rẹ̀ yí ọdún po. Irú iṣẹ́ tí mò ń wá nìyẹn. Òun nìkan ló tó gba ilẹ̀ Ifọ là. Mo kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu géètì.

“Dìde, dìde, ọmọ mi. Sọ iye ẹ. Ṣebí o ti rí i.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rìn ín, sà.”

“Rìn kí ni? Ṣé o fẹ́ rà á ni?”

Mo bọ́ bàtà. Ìrì tutù lẹ́sẹ̀ mi. Mo rin pápá náà bí ẹni tó ń wá yẹtí tó bọ́ sọnù. Lẹ́bàá ògiri, ilẹ̀ rì díẹ̀: omi wà níbẹ̀. Láàárín, ẹsẹ̀ mi kan kùkùté ọ̀pẹ tí koríko ti bò. Níwájú kíláàsì, ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ti jẹ ilẹ̀ náà pá. Mo padà wá bá Alhaji.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe èènì, sà?”

Ó wò mí. “Mi ò tíì ná ọjà, o ti ń béèrè èènì?”

“Kí n lè kọ ebè ẹ̀ ni, sà.”

Kò yé e, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì àti àwọn òdòdó ẹnu géètì. Mo lọ wò wọ́n. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sọ iye náà. Bọ̀ọ̀dá húkọ́.

“Subuhanallahi! Koríko Mowe ni mo ní kí o gé, mi ò ní kí o lọ gé ti Mẹ́kà! Ẹni tó wá lánàá ò béèrè tó ìdajì ẹ̀.”

“Ṣé ó rìn ín, sà?”

“Kò rìn ín. Ẹnu géètì níbí ló dúró sí.”

“Á rìn ín tó bá ń gé e.”

Ahọ́n mi ti ń wá ọ̀nà tó máa fi dín in. Ilẹ̀ ìyá mi ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ebè lórí ebè. Mo pa ẹnu mọ́. Alhaji ní, “Máa lọ ná, màá pè ẹ́.” Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

“Ọ̀gá, ẹ ti lé Alhaji lọ,” ni bọ̀ọ̀dá wí lójú ọ̀nà.

“Ibo ló fẹ́ lọ? Ilé ìwé ẹ̀ ló wà.”

Ṣùgbọ́n òjò tín-ín-rín sí i, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ránṣẹ́ pé òun àti ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Alhaji pè. Ẹni tó gba ìdajì ti wá, ó bá kùkùté ọ̀pẹ pàdé, ó gbé ẹ̀rọ tó kán sórí ọ̀kadà, kò padà wá mọ́. Nígbà tí a débẹ̀, pápá náà dà bí orí tí oníbábà fá dé àárín tó sá lọ. N kò lè fi í ṣẹ̀sín. Mo mọ ohùn tí abẹ ẹni yẹn fi ké.

“Ó dáa, mo gbà fún ẹ,” ni Alhaji wí. “Iwájú kíláàsì tó pá yẹn, bá mi tẹ́ koríko díẹ̀ síbẹ̀, fìyẹn náà kún èènì.”

“Ìyẹn kì í ṣe èènì, sà. Ọjà ni. Ifọ ló ti ń bọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. “Ta ló bí ẹ ná?”

“Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀fọ́, sà.”

Ọjọ́ tí a ń gé koríko tí Alhaji rà ní Ifọ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé, òun nìkan. Níbi tí a ti ká koríko kúrò, ilẹ̀ dúdú yọ, àwọn ebè àtijọ́ sì hàn gbangba nínú oòrùn. Ó dúró wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀.

“Wọ́n ti rà á?”

“Wọ́n ti rà á, bàbá. Wọ́n á sì tún rà.”

“Èyí tí ẹ ò fọwọ́ kàn létí ọ̀nà yẹn ńkọ́?”

“Ti èènì ni.”

Ó mú fóònù jáde, ó sọ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù pé kó jẹ́ kó di òjò tó ń bọ̀ ná. Kò ní kó má bọ̀ mọ́ láéláé. Di òjò tó ń bọ̀ ló wí, mo gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ebè tín-ín-rín yẹn.

“Gé díẹ̀ fún mi níbẹ̀. Iwájú ilé mi pá.”

Bàbá tó fẹ́ ta ilẹ̀ mọ́ mi lórí! Kò sanwó, kò sì dúpẹ́. Mo gé e fún un, mo dì í sínú àpò fún un dáadáa. Orí ebè tí mo yà sọ́tọ̀ fún irú wọn ni mo ti gé e.