Kásẹ́ẹ̀tì Ènì Tíṣà Jesse

Ọjọ́ Ìkórè ni gbogbo Oǹdó fi mọ Tíṣà Jesse Akínṣọlá. Wọ́n pe ìdílé Akínṣọlá wá síwájú pẹpẹ, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú orin tí yóò fi jó wá. Tíṣà Jesse fi kásẹ́ẹ̀tì kan lé ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Jìtá ké bí ayùn tó kan ìṣó. Ìlù ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Ọkùnrin kan ń bú ramúramù nínú ẹ̀. Tíṣà ń jó lọ nínú àgbádá funfun, jẹ́jẹ́, bí ọkọ ìyàwó. Àwọn ìyá ìjọ rò pé ẹ̀mí èṣù ló ń jáde lára ẹnì kan. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣàmín títí orin fi tán.

“Ṣé o rí i,” ni Tíṣà wí fún Monílọ́lá ọmọ rẹ̀ nígbà tó jókòó. “Wọ́n gbádùn ẹ̀.”

Tíráàṣì ni wọ́n ń pe irú orin yẹn lókè òkun. Ọmọkùnrin mẹ́rin kan láti ìlú awakùsà ló ṣe àwo náà, wọ́n sì túká. Kò sẹ́ni tó rà á. Àkúrẹ́ ló ti bá Tíṣà, ní ṣọ́ọ̀bù Alájì Àyìndé, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà ra orin ìsìn. Ó ná an títí ó fi rẹ Alájì, ó tún ní òun ò ní lọ láìgba ènì.

“Ẹ mú èyí,” ni Alájì wí. “Ó ti pẹ́ tó ti ń wò mí lójú lórí àtẹ.”

Bísọ́lá, ìyàwó Tíṣà, kò dárí jì í. “Ènì tó lé onílé síta,” ló ń pè é.

Ọ̀bọ ń jẹ kòkó Tíṣà ní Bọ́lọ́rundúró. Ó gbé ẹ̀rọ lọ sóko, ó fi orin náà lé wọn. Àwọn alágbàṣe ló sá. Àwọn ọ̀bọ jókòó sórí igi.

“Ìyá Moní,” ló wí nígbà tó délé, “ọ̀bọ létí orin jù ọ́ lọ.”

Kò sí àlejò tó gbọ́ ọ kọjá orin kẹta rí. Tíṣà á máa bẹ̀ wọ́n. “Ariwo lẹ̀ ń gbọ́. Abẹ́ ariwo lorin wà. Jìtá méjì ni. Ẹ fi èyí tó ń pariwo sílẹ̀, ẹ wá èkejì.” Àlejò á ní ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀sán gangan.

Láàárọ̀, bó bá ń fárùngbọ̀n, ó máa ń súfèé orin kan, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ayọ̀kúnlé, olórí akọrin, wá orin náà tì nínú ìwé orin ìjọ.

“Tíṣà, nọ́ńbà wo ni?”

“Kò tíì wọnú ìwé yín.”

Ọsibítù kan ní Àkúrẹ́ ni Tíṣà kú sí. Monílọ́lá, tó ń gbé Ọ̀bà-Ilé, ló jókòó tì í.

“Ẹnì kan péré, Moní. Kó gbọ́ ọ dópin.”

“Màá gbọ́ ọ, Dádì.”

“Má gbọ́ ọ bí ẹni ń mu àgbo.”

Alájì Àyìndé wá síbi ìsìnkú. “Ọ̀sẹ̀ kejì ló padà wá bá mi,” ó wí. “Mo rò pé ó fẹ́ dá a padà ni. Ọpẹ́ ló wá dá. Ẹnìkan ò dúpẹ́ ènì lọ́wọ́ mi rí.” Bísọ́lá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sunkún.

Àwọn èèyàn lọ. Òjò. Ilé dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ. Abẹ ìfárùngbọ̀n ṣì wà lójú fèrèsé. Monílọ́lá gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí ẹ̀rọ, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Téèpù inú rẹ̀ ti gbó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ ti fẹ́ jẹ ẹ́. Bó bá já, ìlérí já.

Orin kẹta. Etí ń dùn ún. Ó yí ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì sókè. Ayùn, oyin, ilé tó ń wó. Ó fi èyí tó ń pariwo sílẹ̀, ó ń wá èkejì. Ó sọnù. Ó tún yọ. Lábẹ́ ibẹ̀, bí omi lábẹ́ àpáta.

Orin ìkẹyìn. Ariwo dáwọ́ dúró. Jìtá kejì ló kù, òun nìkan, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Monílọ́lá gbórí sókè. Ó mọ orin náà. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Balùwẹ̀. Ọṣẹ. Òwúrọ̀.

Bísọ́lá yọ láti ilé ìdáná, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

“Níbo lo ti rí orin bàbá rẹ?”

“Inú ènì ni, Mọ́mì.”

Bísọ́lá jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀. Orin tán, ẹ̀rọ dúró, ó ku òjò.

“Tún fi sí i,” ni Bísọ́lá wí. “Láti ìbẹ̀rẹ̀. Má sì fo ariwo ẹ̀.”