Ìlà Tí Kò Sí Níbẹ̀

Bàálù tí àbúrò mi ń wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi táyà gbá oko olóko, òun sì rò pé òun ṣì wà lókè réré. Ìgbà òtútù tó kọjá ni, ní pápá kékeré kan lẹ́yìn ìlú tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ló gba ìdarí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi délé ní Peckham, ní London, ohun tó sọ kò jù báyìí lọ: "Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó jìnnà sí mi."

Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ bàálù wíwà náà ní kó lọ yẹ ojú wò kó tó tún dá wa á. Wọ́n rán an sí obìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí nípa ojú ní yunifásítì. Mo tẹ̀ lé e. Obìnrin náà ní koríko wẹ́wẹ́ wà lára ohun tí awakọ̀ òfurufú fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó, àmọ́ poro oko tó dúdú kedere lè bo koríko náà mọ́ ọn lójú. "Kò túmọ̀ sí pé ojú fọ́," ó wí. "Ó kàn ń ṣe àwọn kan ju àwọn kan lọ."

Àbúrò mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Àwọn ìlà dúdú bíi poro á yọ. Tó bá rí ìlà bàìbàì bíi koríko láàárín wọn, kó tẹ bọ́tìnì. Ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Obìnrin náà wo èsì.

"Ọ̀pọ̀ ibi tí o ní o ti rí i, mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀."

Mo bi í nínú bọ́ọ̀sì pé kí ló dé tó fi ń tẹ̀ ẹ́ síbi tí kò ti rí nǹkan.

"Sister mi, ṣé kí n wá máa jẹ́wọ́ pé mi ò ríran ni?"

"Bọ́tìnì ni wọ́n ní kó o tẹ̀. Ta ló ní kó o jẹ́wọ́?"

"Ìkan náà ni."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ló tọ́ wa. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò lè ṣe nǹkan ti gbà á sára nìyẹn.

Nílé, nígbà tó ròyìn pé òun ò gbà pé òun ò ríran, Mummy ní, "O ṣe dáadáa. Ojú ọmọ mi ò ní í bàjẹ́."

"Mummy, wọ́n lè má jẹ́ kó fò mọ́ o," mo wí.

"Àwọn ta ni? Ṣé àwọn ló dá ojú ọ̀run?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́," àbúrò mi wí, "ẹ jẹ́ ká jẹun."

A jẹun. Mi ò mọ adùn ìrẹsì náà.

Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé: àwọn kò gba èsì yẹn, torí kò jẹ́ kí àwọn mọ ohun tó rí gan-an. Àbúrò mi máa tún àyẹ̀wò náà ṣe. Títí dìgbà náà, kò gbọ́dọ̀ fò láìsí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá tún tẹ bọ́tìnì síbi tí kò sí nǹkan, wọ́n á dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró.