Olùkọ́ Tó Mọ Ibi Tí Rẹ́sò Ń Gbà Wọlé

Gbogbo takisí tí olùkọ́ físíìsì mi bá wọ̀ ló ń di kíláàsì. Á gbé fóònù mọ́ gíláàsì kí ìpè lè wọlé, á ní: "Irin ọkọ̀ ń lé rẹ́sò fóònù padà; ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé. Ṣé ó yé yín?"

Àwọn ìyá elépo á ní, "Ó yé wa, Mẹ́tírì," bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbẹ̀, wọn á sì máa tòògbé lọ.

Lọ́jọ́ kan, a jọ wọkọ̀ ní Adja-Ouèrè. Ó ń lọ wo ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Ikpinlè. Ìyá náà pè é lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń já.

"Ẹ ṣí fèrèsé!"

Irin kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń yí gíláàsì ọkọ̀ náà, àpò dẹ́rẹ́bà ló wà. Èrò ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí ó fi dé ẹ̀yìn. Gíláàsì sọ̀ kalẹ̀, rẹ́sò dé ṣáká.

"Ìyá, ẹ tún un sọ."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló dáhùn lórí fóònù náà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀mí ti bọ́."

"Kí ni wọ́n ń sọ kí ẹ̀mí tó bọ́?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ohùn wọn ti lọlẹ̀ jù, èmi ò gbọ́."

Olùkọ́ yíjú sí wa. "Irin ọkọ̀..."

Ìyá elépo kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó yé wa, Mẹ́tírì."